Ta Ni À Ń Dán Wò: Ewé Tàbí Ẹlẹ́rìí?

Bí ẹnìkan bá dábàá pé kí wọ́n gbé ewé tàbí egbò tí àwọn baba wa fi ń wo làkúrègbé lọ síbi ìwádìí, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde: "Ohun tó ti ń wo èèyàn sàn kí wọ́n tó bí bàbá rẹ, ìwọ ta ni tí o fẹ́ dán an wò?" Ìbínú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lójú ẹni tó ń sọ ọ́, ẹ̀sùn ni ìdánwò jẹ́. Ẹni tí a kò bá fura sí, a kì í dán an wò. Olódùmarè ló dá ewé, Ọ̀sanyìn ló mọ̀ ọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà ló fi lé wa lọ́wọ́. Kí a tún wá jókòó máa ka iye ẹni tó san fún àti iye ẹni tí kò san fún, ó dà bí ọmọ tó ń ka owó tí bàbá rẹ̀ fún un lójú bàbá náà. Mo gbọ́ ẹ̀dùn náà yé, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Bí wọ́n bá dán ewé wò bó ṣe yẹ, ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: ojú wa, ìrántí wa, àti ẹnu tí a fi ń sọ pé "ó ṣiṣẹ́". Ẹni tó bá gbé oògùn fún aláìsàn ti jẹ́rìí níwájú rẹ̀ pé oògùn náà á ṣe é lóore. Kò sí ẹ̀sìn kan láàárín wa, ti ìbílẹ̀, ti Jésù tàbí ti Ànábì, tó gba ẹlẹ́rìí láàyè láti sọ ohun tí kò mọ̀ dájú.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dúró sójú òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a mú ewéko kan tí wọ́n ti dán wò ní tòótọ́. Ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, ní àwọn agbègbè bíi Fujian àti Zhejiang, ìtàkùn kan wà tí wọ́n ń pè ní lei gong teng, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Tripterygium wilfordii. Májèlé paraku ni. Àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò lóko, ewé rẹ̀ díẹ̀ sì ti pa èèyàn rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bó èèpo egbò rẹ̀ dànù, tí wọ́n mú igi inú rẹ̀ nìkan, tí wọ́n sì sè é pẹ́, ó di oògùn fún oríkèé tó ń wú tó sì ń gbóná. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà lọ́hùn-ún ti ń fún àwọn tó ní irú làkúrègbé tí ara fúnra rẹ̀ ń gbógun ti oríkèé. Ní 1972, Morris Kupchan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yọ èròjà kan tó lágbára jáde nínú rẹ̀, wọ́n pè é ní triptolide. Ní 2009, wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà: ènìyàn 121, ọ̀sẹ̀ 24. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tó máa lo egbò yìí àti ẹni tó máa lo sulfasalazine, oògùn òyìnbó tí àwọn dókítà ti mọ̀ tipẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó lo egbò, nǹkan bí 65 ni ara wọn yá dé ìwọ̀n tí wọ́n ti là sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún tó lo sulfasalazine, nǹkan bí 33. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ti fi ìdánwò náà sílẹ̀ kó tó parí, ní ìhà kejì pàápàá, ẹni tó bá sì ti lọ, a kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ní 2014, wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn jáde láti Ṣáínà, ènìyàn 207 ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Àwọn tó lo methotrexate, oògùn òyìnbó mìíràn, nìkan, nǹkan bí 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn wọn fi ìdajì dínkù. Àwọn tó lo egbò nìkan, 55. Àwọn tó pa méjèèjì pọ̀, 77. Àbùkù tiẹ̀ ni pé gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì. Síbẹ̀, bí a bá wo iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, kò sí ẹni tó lè fi ìtàkùn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ pé àròsọ àwọn ará oko ni.

Ṣùgbọ́n kí ni "ara wọn yá" túmọ̀ sí níbẹ̀? Dókítà tó ń yẹ aláìsàn wò nínú irú iṣẹ́ báyìí a máa ka oríkèé méjìdínlọ́gbọ̀n: èjìká méjì, ìgúnpá méjì, ọrùn-ọwọ́ méjì, mẹ́wàá ní ìdí àwọn ìka, mẹ́wàá mìíràn láàárín wọn, orúnkún méjì. Á fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹran abẹ́ èékánná tirẹ̀ á fi funfun, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ dín. Á béèrè bóyá ó dùn ún, á kọ ọ́ sílẹ̀. Á tún wo èyí tó wú, á fọwọ́ wá omi tó bá lúgọ sábẹ́ awọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á tún wọn kà, ẹni tó dára jù láti kà wọ́n sì ni ẹni tí kò mọ oògùn tí aláìsàn náà ń lò. Àwọn kan ń wo irú ìṣesí yìí bí iṣẹ́ akọ̀wé tí kò ní ẹ̀mí nínú. Lójú tèmi, ìwà ìrẹ̀lẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí mi ò rí nínú ọ̀pọ̀ ìwàásù. Àtàǹpàkò yẹn kò mọ ẹni tó ni ewé, kò mọ bí orúkọ olóògùn ti pọ̀ tó nígboro, kò sì bìkítà bóyá ẹni tó ni ín fẹ́ kí egbò náà yege.

Ìdí tí a fi nílò irú ìrẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé làkúrègbé jẹ́ àìsàn tó mọ bí a ṣe ń tan èèyàn jẹ. Ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnì ní òwúrọ̀, tí kò lè so ìró mọ́ ìdí, á ti rọ̀ díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà látàrí. Ó lè le koko fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó wá rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gún ewé kan. Ìgbà wo wá ni èèyàn máa ń gbéra lọ sọ́dọ̀ adáhunṣe? Ọjọ́ tó bá le jù ni. Ohun tó sì sábà máa ń tẹ̀ lé ọjọ́ tó le jù ni ọjọ́ tó sàn jù ú lọ, yálà ó lo nǹkan tàbí kò lo nǹkan. Bí olóògùn náà bá bu eérú inú àdògán fún gbogbo ẹni tó wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa padà wá dúpẹ́ tòun ti adìẹ lọ́wọ́, gbogbo wọn á sì jẹ́ olóòótọ́. Àwọn tí kò san fún kò ní padà wá. Wọ́n ti wá ọ̀nà ibòmíràn lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní ka tiwọn mọ́. Báyìí ni ìlú kan ṣe lè kún fún ìjẹ́rìí tòótọ́ lórí oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ara á yá ní tòótọ́, oògùn náà ló sì fà á, síbẹ̀ ìjẹ́rìí náà á ṣì jẹ́ irọ́. Ní 2022, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kéde pé nínú ilé àyẹ̀wò, àwọn bá oògùn òyìnbó méjì, diclofenac àti dexamethasone, nínú hóró kan tí wọ́n ń tà fún ìrora oríkèé lórúkọ Artri King, tí wọ́n pè ní àfikún oúnjẹ tí a fi ewéko ṣe. Wọn kò kọ oògùn méjèèjì sára ìgò rẹ̀. Ẹni tó lò ó tó ń jó níwájú pẹpẹ ń fi ògo fún ewé, dexamethasone ló sì ń jẹ́ fún un. Ó tún lè máa ba ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Àwọn kan á ní ìgbà pípẹ́ gan-an ni ìdánwò, pé ohun tí ìran mẹ́wàá ti lò, ìran mẹ́wàá ló ti dán an wò. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Ọdún púpọ̀ máa ń kọ́ wa ní ohun tó ń pani lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ṣáínà fi mọ̀ pé kí wọ́n bó èèpo egbò wọn. Ohun tó ń pani díẹ̀díẹ̀ kì í fi ara hàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní lei gong teng tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó wá hàn gbangba pé nǹkan oṣù àwọn obìnrin kan ń dúró, pé àtọ̀ àwọn ọkùnrin kan ń di omi lásán, débi pé àwọn onímọ̀ kan ti rò ó bóyá wọ́n lè fi ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin. Ta ni ì bá so àìrọ́mọbí mọ́ oògùn orúnkún? Nílé tiwa, àjẹ́ la ò bá dá lẹ́bi. Èyí tó tún burú jù ni ti ìdílé ewéko Aristolochia. Ní Yúróòpù àti ní Ṣáínà, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi lò ó, ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú àgbo làkúrègbé àwọn ará Ṣáínà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ìtọ́jú kan ní Belgium fi í sínú oògùn àtifọn fún àwọn obìnrin, kíndìnrín àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bàjẹ́, jẹjẹrẹ sì tẹ̀ lé e lára àwọn kan. Ẹgbẹ̀rún ọdún kò tó fún ojú lásán láti rí i, nítorí pé ọdún máa ń wà láàárín àgbo àti ikú, kíndìnrín kì í sì í sọ ẹni tó pa á.

Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wàyí, nítorí ibẹ̀ ni ìṣòro náà wà gan-an. Onígbàgbọ́ á rántí pé Mósè kìlọ̀ fún Ísírẹ́lì kí wọ́n má ṣe dán Olúwa wò bí wọ́n ti ṣe ní Mása, àti pé ìkìlọ̀ yìí kan náà ni Jésù fi dá èṣù lóhùn nígbà tó ní kó bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ḿpìlì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Ẹni tó dán Ọlọ́run wò ti pinnu èsì tó fẹ́, ó sì ń pàṣẹ pé kí Ọlọ́run mú un ṣẹ. Ẹni tó dán egbò wò gba gbèsè sọ́rùn pé ohunkóhun tí òun bá bá níbẹ̀ ni òun á gbà, ì báà dun òun. Bíbélì kan náà kò sì kórìíra irú èkejì yìí. Gídíónì tẹ́ irun àgùtàn sílẹ̀, ó béèrè kí ìrì sẹ̀ sórí irun náà nìkan kí ilẹ̀ gbẹ. Ó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Irun àgùtàn lè fa omi ju ilẹ̀ lọ láìsí iṣẹ́ ìyanu kankan. Ní alẹ́ kejì, ó yí i padà: kí irun gbẹ, kí ilẹ̀ tutù. Àwọn oníwàásù sábà máa ń bá a wí fún ìgbàgbọ́ tí kò tó. Èmi rò pé alẹ́ kejì yẹn ló fi hàn pé ó ní làákàyè, Ọlọ́run kò sì bínú sí i. Dáníẹ́lì náà ní kí wọ́n fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní ẹ̀wà àti omi fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n sì fi ojú wọn wé ojú àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọba. (Bí a bá fẹ́ ṣe àríwísí, a lè sọ pé ìránṣẹ́ tó wo ojú wọn mọ ẹni tó jẹ kí àti ẹni tó jẹ kí.) Mùsùlùmí pẹ̀lú gbà pé kò sí àrùn tí Ọlọ́run sọ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí sọ fún wa pé ìwòsàn wà. Kò sọ fún wa pé ewé tí alájàpá ń polówó nínú mọ́tò ni. Ibn Sina, tó kú ní 1037, Mùsùlùmí ni, ó sì la òfin sílẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn ńlá rẹ̀ lórí bí a ṣe ń dán oògùn wò. Ó ní kí a dán an wò lára ènìyàn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lára kìnnìún tàbí ẹṣin lè má ṣẹlẹ̀ lára ènìyàn.

Ní ti Ifá, mo rò pé a ní ohun kan nílé tí a kì í fiyè sí. Ẹni tó wá dáfá kì í sọ ohun tó bá a wá fún babaláwo. Ó máa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tó mú lọ́wọ́, babaláwo á sì ki odù tó bá jáde láìmọ̀ bóyá ọmọ ni ẹni náà ń wá tàbí àìsàn ló ń bá a jà. Nígbà tó bá kan kí wọ́n bi Ifá ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á mú ìbò wá: owó ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá béèrè á pa wọ́n mọ́ ọwọ́ méjèèjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, á di ìkúùkù. Babaláwo kò mọ èyí tó wà níbo. Á dá ọ̀pẹ̀lẹ̀, odù tó bá yọ ló máa sọ ọwọ́ tí wọ́n á ṣí. Mi ò sọ pé ohun kan náà ni dídáfá àti ìdánwò oògùn. Ifá ń béèrè ohun tí àtàǹpàkò dókítà kò lè béèrè. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan náà ló wà nínú méjèèjì: pé ẹni tó bá mọ èsì tí wọ́n ń retí lè darí rẹ̀ síbẹ̀ láìmọ̀, bó ti wù kó jẹ́ olódodo tó. Àwọn tó gbé ìbò kalẹ̀ kò fi babaláwo pe òpùrọ́. Wọ́n dáàbò bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ohun tí olùwádìí ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá di hóró tó ní egbò àti hóró tí kò ní i sínú ike kan náà, tí ó kọ nọ́mbà sí wọn lára, tí ó sì fi ìwé tó túmọ̀ nọ́mbà náà sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹni tó bá wá sọ pé irú ìfarapamọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀gàn fún àṣà wa, ó yẹ kó tún padà wo bí a ṣe ń bi Ifá.

Ẹ̀sùn pé òṣùwọ̀n òyìnbó ni wọ́n gbé ka iwájú wa kò gbà mí lákòókò púpọ̀, nítorí òṣùwọ̀n náà kò ṣàánú òyìnbó alára. Vioxx, oògùn ìrora oríkèé tí ilé-iṣẹ́ Merck ń tà káàkiri ayé láti 1999, ìdánwò ló lé e kúrò lọ́jà ní oṣù kẹsàn-án 2004, nígbà tó hàn pé àwọn tó ń lò ó ń ní àìsàn ọkàn ju àwọn tó gbé hóró òfìfo mì lọ. Ní 2002, àwọn dókítà ní Houston tẹ àbájáde kan jáde lórí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa ń ṣe sí orúnkún tó ti jẹ. Wọ́n pín ènìyàn 180. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n kàn fi abẹ ya awọ orúnkún àwọn mìíràn díẹ̀, wọ́n sì rán an padà. Fún ọdún méjì, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gidi fún kò sàn ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀bẹ inú ilé ìwòsàn ńlá, tòun ti gbogbo iná mànàmáná tó yí i ká, òun náà ní ẹlẹ́rìí tó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti ọfọ̀. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di babaláwo, tó sì fi púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ lọ bọ̀ láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, kó àìmọye àkọsílẹ̀ oògùn Yorùbá jọ sínú ìwé rẹ̀, Ewé, tó jáde ní 1995. Ohun tó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí ewé kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń jí ewé. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó sá ewé gbẹ, tó lọ̀ ọ́, tó rọ ọ́ sínú hóró, kò tíì dán oògùn wa wò; ìdá kan nínú rẹ̀ ló mú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n dán odindi rẹ̀ wò: ewé tòun ti ọfọ̀, èèwọ̀, àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ já a. Kò sí òfin ìwádìí tó lòdì sí i. Ọ̀wọ́ kan lè gba ewé pẹ̀lú ọfọ̀ lẹ́nu ẹni tó gba àṣẹ rẹ̀, ọ̀wọ́ kejì ewé tí a kò pe nǹkan kan sí, kí ẹni tó ń ka oríkèé má sì mọ ìyàtọ̀. Bí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ bá sàn jù, ẹnu àwọn tó ń fi ọfọ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ á wọhò. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, a ti mọ ohun kan nípa orúnkún, a kò sì tíì sọ nǹkan kan nípa ohun tí ọfọ̀ ń ṣe fún ọkàn ẹni tó wà nínú ìrora. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí a máa fi ọfọ̀ ṣe ibi ìsádi: kí a ní ewé ló ṣiṣẹ́ nígbà tí ara bá yá, kí a wá ní ọfọ̀ ló kù nígbà tí kò bá yá. Nínú ìtàn tí gbogbo wa mọ̀, nígbà tí Ọ̀rúnmìlà ní kí Ọ̀sanyìn ro oko, ó kọ̀ láti gé ewé kankan, nítorí ó mọ àìsàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wò. Ìmọ̀ rẹ̀ dá lórí pé ewé yìí wà fún orí, tọ̀hún wà fún inú. Ó jìnnà pátápátá sí ìpolówó gbogboǹṣe tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, làkúrègbé, ibà àti àìríṣẹ́ nínú ìgò kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń sọ pé ìdánwò á tú awo fún olè kò ṣàròyé lásán. Nínú aṣálẹ̀ Kalahari, àwọn ará San àti Nama ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi egbò Harpagophytum wo ìrora. Lónìí, Jámánì ni ọjà rẹ̀ ti gbilẹ̀ jù, wọ́n ń rà á níbẹ̀ fún oríkèé àti ẹ̀yìn ríro, owó tó sì ń kan ẹni tó wà á nínú iyanrìn Namibia kò tó nǹkan. Àìṣòdodo gbáà ni. Ṣùgbọ́n olè jíjà ni ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀, àdéhùn tó dúró lábẹ́ òfin ló sì lè dí i lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Nagoya ní 2010. A ní àpẹẹrẹ kan nítòsí. Reverend P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ní oògùn àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ládìde tí a fi iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà ṣe. Ó tọ́ka rẹ̀ fún àwọn olùwádìí NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ní Àbújá, lábẹ́ àdéhùn, wọ́n sì dán an wò ní Nàìjíríà níbí, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni pé aláìsàn kan náà lo oògùn gidi fún ìgbà kan, ó sì lo òfìfo fún ìgbà mìíràn, láìmọ èyí tó kọ́kọ́ gbà. Alẹ́ méjì Gídíónì nìyẹn. Pé ilé-iṣẹ́ tó gbà á láti máa ṣe é fún títà padà wó lulẹ̀, ọ̀rọ̀ okòwò ni. Ìdánwò náà kò ja ẹnikẹ́ni lólè.

Ó ku ọ̀rọ̀ orí. Babaláwo lè sọ fún mi pé kì í ṣe 65 nínú ọgọ́rùn-ún ló jókòó níwájú òun, Àjàní ni, Àjàní sì yan orí tirẹ̀ lọ́run; ohun tó gba àwọn yòókù lè má gbà á. Mo ka èyí sí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, àwọn dókítà pẹ̀lú sì mọ̀ pé iye tó wà lápapọ̀ kì í sọ ti ẹnìkan. Àmọ́ bí orí bá yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà náà ìjẹ́rìí aládùúgbò Àjàní kò wúlò fún un mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ìran mẹ́wàá tó ti lo ewé náà. Kò sí ohun tó kù ju kí a dán an wò lára Àjàní fúnra rẹ̀, ìyẹn sì ṣeé ṣe. Ní Australia, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tí oríkèé wọn ti jẹ, wọ́n fi diclofenac àti paracetamol ṣe pàṣípààrọ̀ léraléra lára ẹnìkọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kó mọ èyí tó ń lò, títí wọ́n fi mọ èyí tó gba ẹni náà gan-an. A lè fi àgúnmu ṣe bẹ́ẹ̀ fún orúnkún tó ń roni ní ojoojúmọ́: ọ̀sẹ̀ mélòó kan àgúnmu gidi, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àgúnmu tó jọ ọ́ ní àwọ̀ àti ìkorò tí kò ní ewé náà nínú, kí ẹlòmíràn mú ìwé dání, kí Àjàní sì máa kọ ìrora rẹ̀ sílẹ̀ lálaalẹ́. Ìyẹn á sọ fún un bóyá ìrora ń lọ. Kò ní sọ fún un bóyá kíndìnrín rẹ̀ wà ní àlàáfíà, tàbí bóyá ó ṣì lè bímọ lẹ́yìn ọdún kan. Fún ìbéèrè wọ̀nyẹn, orí ẹnìkan kò tó kà. Ó ṣì nílò ọ̀pọ̀ àjèjì tí wọ́n gbà kí a máa ka àwọn, àti ẹni tí yóò máa ka iye wọn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí oríkèé ti dẹ̀.